Ẹ̀rín Kì í Ṣe Ìdájọ́

Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a fi í rín. Òwe náà dára, ó sì ní ibi tí a ti ń lò ó. Ṣùgbọ́n ó ti ń di àṣà láàárín wa pé ọ̀rọ̀ tí kò tíì ju ẹkún lọ rárá, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a jókòó tì kí a sì gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ni a ń fi ẹ̀rín lé lọ. Ọ̀kan nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí.

Láti ọdún mélòó kan wá, kò sí ìgbà tí ilé-ẹjọ́ tàbí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan, ìbáà ṣe ní Àbújá, ìbáà ṣe ní Washington, pe ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ayélujára láti wá jẹ́rìí, tí fóònù wa kì í kún fún yẹ̀yẹ́. Kí ó tó di ọ̀sán, àwòrán ọkùnrin náà ti dé Ọ̀tan Ayégbajú, ó ti dé Ìgbájọ, ó ti dé Ìlá Ọ̀ràngún. Àwọn kan ti fi ojú rẹ̀ wé ojú ọmọ ilé-ìwé tí olùkọ́ ká mọ́ ibi tí ó ti ń jí ìwé ẹlòmíràn wò. Àwọn mìíràn ti fi ohùn rẹ̀ kọrin. A rẹ́rìn-ín, a fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ sì parí. Bí a bá wá bi ẹni tí ó rẹ́rìn-ín jù lọ pé, kí ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà, kí sì ni ó fi dáhùn, kò ní rí èsì fọ̀.

A fẹ́ kí ó yé gbogbo ènìyàn pé àwa kò bá ẹ̀rín jà. Yorùbá kì í ṣe ẹ̀yà tí ń bẹ̀rù láti fi alágbára ṣe ẹlẹ́yà. Ní ilẹ̀ Kétu, ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ tí ó máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, akọrin ní àṣẹ láti bú ẹni tí ó bá hùwà àìtọ́, ì báà jẹ́ olóyè. Àwọn eégún aláré wa ti ṣe ẹ̀dà òyìnbó, pẹ̀lú imú gígùn àti irun bọ̀lọ̀jọ̀, ní ojú àwọn òyìnbó tí ń ṣàkóso wa. Ìdí nìyí tí inú wa kò fi dùn sí bí àwọn kan nínú ìjọba ti ń lo abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ti ọdún 2015 láti fi mú ẹni tí ó bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS pàṣẹ ní ọdún 2022 pé kí a tún abala náà ṣe, a sì tún un ṣe ní ọdún 2024. Ẹ̀tọ́ wa ni kí a rẹ́rìn-ín, kí ẹnikẹ́ni má gbà á lọ́wọ́ wa. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ̀rín má ṣe gba ipò etí.

Kí tilẹ̀ ni ó wà nínú kí a pe ènìyàn sí ilé-ẹjọ́ láti jẹ́rìí? Ohun ńlá ni. Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ńlá ní agbẹnusọ tí ń bá a sọ̀rọ̀, ó ní akọ̀wé tí ń bá a kọ lẹ́tà, ó sì ní owó tí ó lè fi ra odidi ojú ewé ìwé ìròyìn kí ó kọ ohun tí ó bá wù ú síbẹ̀. Ní ọjọ́ gbogbo, òun ni ó ń yan ohun tí aráyé yóò gbọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ìwé ìpè ilé-ẹjọ́ bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, tí ó sì fi Bíbélì tàbí Kùránì tàbí irin búra, ẹlòmíràn ni ó ń yan ìbéèrè. Kò lè ní kí akọ̀wé bá òun dáhùn. Bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, ó ṣẹ̀ sí òfin. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde di àkọsílẹ̀. Nínú ayé tí a wà yìí, níbi tí owó ilé-iṣẹ́ kan ti pọ̀ ju owó odidi orílẹ̀-èdè lọ, àwọn ibi tí olówó àti talákà ti ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan náà kò pọ̀ mọ́. Ibùdúró ẹlẹ́rìí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Àwọn baba wa mọ èyí. Ẹ lọ sí ààfin ọba ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbọ́ ẹjọ́. Ẹni tí ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lè kólòlò, ó lè gbàgbé orúkọ ìyàwó rẹ̀ nítorí ẹ̀rù, ó lè sọ ọ̀rọ̀ tí yóò pa àwọn èwe lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín bá ti pọ̀ jù, àgbà kan yóò pa àwùjọ lẹ́nu mọ́. Kì í ṣe pé àgbà náà fẹ́ràn ẹlẹ́jọ́. Ó mọ̀ pé bí ariwo bá bo ẹnu ẹni tí ń rojọ́, ọba kò ní gbọ́ ibi tí irọ́ wà àti ibi tí òtítọ́ wà, ìlú ni yóò sì pàdánù. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ni a ó ti wá pe ẹni tí kò gbọ́ ti ẹnìkankan tí ó sì ti dájọ́?

Ẹ jẹ́ kí a fi ti ilé ṣáájú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní iye tí ìjọba ń pè é. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti ju 1,500 náírà lọ. Kò sí olùkọ́ tí kò mọ ohun tí èyí ṣe sí owó oṣù rẹ̀, nítorí òun ni ó ń ra ìrẹsì, òun ni ó sì ń san owó ọkọ̀. Ìjọba wá nàka sí Binance, ilé-iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń lò láti ra owó orí ẹ̀rọ ayélujára kí wọ́n sì tà á. Gómìnà Báńkì Àpapọ̀, Olayemi Cardoso, sọ ní oṣù náà pé owó tí ó tó bílíọ̀nù 26 dọ́là ti gba ọwọ́ Binance kọjá ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí a kò lè sọ ní pàtó pé ẹni báyìí ni wọ́n. Ìgbìmọ̀ kan ní Ilé Aṣojú-ṣòfin ránṣẹ́ pe ọ̀gá àgbà Binance, Richard Teng, kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀. Kò yọjú. Àwọn ọ̀gá méjì tí ó wá sí Àbújá láti bá ìjọba sọ̀rọ̀, Tigran Gambaryan ọmọ Amẹ́ríkà àti Nadeem Anjarwalla tí ó jẹ́ ọmọ Kenya àti Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n dá dúró ní ọjọ́ 26 oṣù kejì.

Níbẹ̀ ni yẹ̀yẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta, nínú Ààwẹ̀ Ràmàdáánì, wọ́n ní àwọn ẹ̀ṣọ́ mú Anjarwalla lọ kírun ní mọ́sáláṣí, ó sì bá ibẹ̀ sá lọ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí àwàdà tí Nàìjíríà kò dá. Ta ni yóò dá wa lẹ́bi? Ẹni tí ó bá gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tí kò rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ kò yá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń rẹ́rìn-ín ẹni tí ó sá, a gbàgbé ẹni tí ó kù. Wọ́n gbé Gambaryan lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje ní oṣù kẹrin. Àjọ EFCC fi ẹ̀sùn kàn án ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá, níwájú Adájọ́ Emeka Nwite, pé òun àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fi owó tí ó ju mílíọ̀nù 35 dọ́là pamọ́ lọ́nà àìtọ́. Ó ní òun kò jẹ̀bi. Ní oṣù kẹsàn-án, fíìmù kékeré kan jáde níbi tí ó ti ń fi ọ̀pá kan ṣoṣo tiro wọ ilé-ẹjọ́, tí ó ń bẹ ẹ̀ṣọ́ kí ó ran òun lọ́wọ́, tí ẹ̀ṣọ́ kò sì dá a lóhùn. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìjọba fà ẹ̀sùn tí ó fi kàn án sẹ́yìn kí ó lè lọ tọ́jú ara rẹ̀. Ó lọ.

Kí ni ó kù sí wa lọ́wọ́? Àwọn tí ó bá Gambaryan kẹ́dùn sọ pé ìyà jẹ ẹni tí kì í ṣe òun ni ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn tí ó bínú sí i sọ pé a jẹ́ kí ó lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè tí ó kan olùkọ́ àti àgbẹ̀ àti oníṣòwò, ẹjọ́ tirẹ̀ kò dé ibi tí a ti lè dáhùn wọn. Àwọn wo ni ó ń kó owó náà kọjá? Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà? Ṣé lóòótọ́ ni iye tí wọ́n ń pè ní orí ẹ̀rọ náà fa náírà wálẹ̀, tàbí a kàn rí àlejò tí a lè di ẹrù lé lórí ni? Ní ọdún 2025, àjọ owó-orí ti ìjọba àpapọ̀ tún pe Binance lẹ́jọ́ pé ìpalára tí ó ṣe fún ọrọ̀ ajé wa tó bílíọ̀nù 79 dọ́là àti ààbọ̀. Iye tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó jẹ́ ohun tí gbogbo ìlú ń béèrè bí wọ́n ti ṣe ṣírò rẹ̀. A béèrè bí? Ẹni tí ó rántí ìtàn mọ́sáláṣí pọ̀ ju ẹni tí ó rántí iye owó náà lọ. L'ójú tiwa, èyí ni ohun tí ó yẹ kí ó bà wá nínú jẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àwa nìkan ni a ní àìsàn yìí, kí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀rín ti gba ẹnu adájọ́ fúnra rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1998, ìjọba Amẹ́ríkà pe ilé-iṣẹ́ Microsoft lẹ́jọ́ pé ó ń lo agbára rẹ̀ láti fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣòwò kọ̀ǹpútà lọ́rùn. Bill Gates ni ọ̀gá àgbà nígbà náà. Agbẹjọ́rò ìjọba fi ọjọ́ mẹ́ta bi í ní ìbéèrè níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán, wọ́n sì fi fíìmù náà han ilé-ẹjọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Ọkùnrin tí gbogbo ayé ń yìn fún ọgbọ́n orí ni ó wá ń sọ pé òun kò rántí lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ kọ, tí ó sì ń bá agbẹjọ́rò jiyàn lórí ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀. Ilé-ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ Thomas Penfield Jackson rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Bí ó bá mọ níbẹ̀, kì bá burú. Ṣùgbọ́n adájọ́ náà ń bá àwọn akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ kí ẹjọ́ tó parí, ó sì fi Gates wé Napoleon. Ní oṣù kẹfà ọdún 2000, ó pàṣẹ kí a gé Microsoft sí méjì. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2001, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé àṣẹ náà. Àwọn adájọ́ ibẹ̀ gbà pé Microsoft ṣẹ̀ sí òfin ní àwọn ọ̀nà kan. Síbẹ̀ wọ́n gba ẹjọ́ náà kúrò lọ́wọ́ Jackson, wọ́n sì fi lé adájọ́ mìíràn lọ́wọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó bá àwọn akọ̀ròyìn sọ jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ó ti gbè sẹ́yìn apá kan. Àwọn ìdí mìíràn wà tí wọ́n fi fagi lé àṣẹ náà, ṣùgbọ́n ẹnu adájọ́ wà lára wọn. Ilé-iṣẹ́ náà kò gé mọ́ títí di òní. Ẹ̀rí ti wà, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ti wà, ṣùgbọ́n yẹ̀yẹ́ fún ẹlẹ́jọ́ ní ohun tí agbẹjọ́rò rẹ̀ kò lè rà fún un.

Ẹ̀rín tí a rín ní ọdún 2018 tilẹ̀ kàn wá ju ti Microsoft lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, Mark Zuckerberg tí ó ni Facebook lọ síwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fún ọjọ́ méjì. Kì í ṣe ilé-ẹjọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè ni wọ́n pè é fún. Wọ́n fi bí ó ti ń mu omi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n fi tìmùtìmù tí wọ́n fi sórí àga rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Sẹ́nétọ̀ Orrin Hatch, baba ẹni ọdún 84, béèrè bí ó ti ń rí owó nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í sanwó fún un, ó sì dáhùn pé ìpolówó ọjà ni. Ayé fi baba náà rẹ́rìn-ín pé ojú rẹ̀ kò là. Ṣùgbọ́n ìbéèrè baba náà ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Bí a kò bá san owó, kí ni a ń san?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí ó gbé Zuckerberg débẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní London, Cambridge Analytica, ti rí ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 87 gbà láti orí Facebook, láìjẹ́ pé wọ́n tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ilé-iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. SCL tí ó bí i ti ṣiṣẹ́ nínú ìdìbò Nàìjíríà ní ọdún 2007. Cambridge Analytica fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ti ọdún 2015: olówó kan ní ilé wa ni ó gbà wọ́n, wọ́n sì lo fíìmù ẹlẹ́jẹ̀ láti fi dẹ́rù ba àwọn olùdìbò kí wọ́n má bàa dìbò fún Muhammadu Buhari. Bí a ti ń fi tìmùtìmù ọkùnrin kan ṣe àwàdà ní Ọ̀tan Ayégbajú, ìbò tiwa ni ó wà lórí tábìlì ní Washington, a kò sì mọ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú t'òun t'ẹ̀rín!

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tí ó yẹ kí a kọ́, pàápàá àwa tí a kò fẹ́ràn àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2025, Zuckerberg bọ́ sí ibùdúró ẹlẹ́rìí ní tòótọ́, ní ilé-ẹjọ́ ní Washington, níwájú Adájọ́ James Boasberg. Ẹ̀sùn ìjọba ni pé ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ra Instagram ní ọdún 2012 àti WhatsApp ní ọdún 2014 kí wọ́n má bàa dìde dù ú ní ọjà. Wọ́n ka lẹ́tà tí ó kọ ní ọdún 2008 sí i létí, níbi tí ó ti sọ pé ó sàn kí ènìyàn ra orogún òwò rẹ̀ ju kí ó bá a díje. Àwọn tí ó gbọ́ pariwo pé ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́, yẹ̀yẹ́ sì gba ayé kan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà, adájọ́ dá Meta láre. Ó ní ìjọba kò fi hàn pé ilé-iṣẹ́ náà nìkan ni ó ń jẹ gàba ní ọjà náà lóde òní. Ẹni tí ó gbọ́ ẹ̀rí láti ìbẹ̀rẹ̀ lè bá adájọ́ jiyàn, ó sì lè ní ìdí. Ẹni tí ó kàn rẹ́rìn-ín kò ní ohun tí yóò fi bá a jiyàn. Ẹnu yà á ni, ó sì ní wọ́n ti ra adájọ́.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ariwo yìí àti iṣẹ́ tí a ṣe ní ìdákẹ́jẹ́ nílé wa. Àjọ FCCPC, tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, fi oṣù 38 wádìí bí Meta ti ń lo ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó wà lórí Facebook àti WhatsApp. Wọ́n béèrè ìwé, wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n jókòó pẹ̀lú agbẹjọ́rò Meta. Kò sí àwòrán tí a lè fi rẹ́rìn-ín. Ní oṣù keje ọdún 2024, wọ́n bu ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta. Meta lọ sí ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tí ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì fi ọwọ́ sí ìtanràn náà ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2025, ọjọ́ mọ́kànlá péré lẹ́yìn tí Zuckerberg bọ́ sí ibùdúró ẹlẹ́rìí ní Washington. Ní ilé tiwa, ẹjọ́ tí kò ní ariwo ni ó so èso. Mélòó nínú àwọn tí ó rẹ́rìn-ín ti Amẹ́ríkà ni ó gbọ́ ti Àbújá?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi etí sílẹ̀, nítorí inú ilé tiyín ni àṣà yìí ti gbilẹ̀ jù lọ. Bí wọ́n bá pe olórí ẹgbẹ́ yín sí ilé-ẹjọ́, ẹ ó rán aṣọ kan náà, ẹ ó lu ìlù dé ẹnu ọ̀nà, ẹ ó ní ọ̀tá ni ó wà nídìí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n pè, ẹ ó fi àwòrán rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nínú méjèèjì, ẹ kò gbọ́ ẹ̀rí. Ní ọdún 1956, ìgbìmọ̀ ìwádìí Foster-Sutton pe Dókítà Nnamdi Azikiwe kí ó wá ṣàlàyé bí owó ìjọba Ìlà-Oòrùn ti ṣe wọ inú báńkì tí ó ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1962, ìgbìmọ̀ Adájọ́ Coker pe Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lórí owó àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín ní 1956, ọ̀rọ̀ kàn án ní 1962. Báyìí ni ó ti rí láti ayébáyé. Ìbéèrè tí a kò jẹ́ kí ẹlẹ́jọ́ ẹlòmíràn dáhùn dáadáa, ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó nílò ìdáhùn rẹ̀ ní ilé wa.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni ìrètí wà. Àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́ ní Ọ̀tan Ayégbajú ń rí yẹ̀yẹ́ yìí kí ẹ tó rí i, wọ́n sì ń kọ́ ìwà wọn láti inú rẹ̀. Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀ bí ẹ bá mú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wọ inú kíláàsì. Ẹ ní kí ọmọ kọ ohun mẹ́ta sínú ìwé rẹ̀: ohun tí wọ́n béèrè, ohun tí ẹlẹ́rìí dáhùn, àti ohun tí ó yẹra fún. Èyí ẹ̀kẹta ni ó ṣòro jù, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù. Ọmọ tí ó bá lè mọ ibi tí alágbára ti yẹ ìbéèrè sílẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti dé ojú àmì. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé òfin ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ àṣírí ti ọdún 2023 fún òun náà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí ohun tí wọ́n kó jọ nípa òun. Kì í ṣe adájọ́ ní Washington nìkan ni ó lè bi ọ̀gá àgbà ní ìbéèrè.

Àwọn kan yóò sọ pé a le jù, pé ẹ̀rín ni oògùn talákà, pé àwọn olówó wọ̀nyí ti fi wá ṣe ẹrú, ẹ jẹ́ kí a kúkú fi wọ́n rẹ́rìn-ín. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ta ni ẹ̀rín náà ń dùn? Ọ̀gá àgbà tí wọ́n fi irun orí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ yóò padà sílé, yóò gé irun náà, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tí wọ́n gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ yékéyéké, tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń bi í ní ìdí rẹ̀ lọ́dọọdún, òun ni kò ní sùn. Òun fúnra rẹ̀ lè máa bá wa rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ìgbà tí a bá ń wo aṣọ òun, a kò wo ìwé ìṣirò òun. Orí ẹ̀rọ tirẹ̀ pàápàá ni a ti ń pín yẹ̀yẹ́ náà, òun ni ó sì ń gba owó ìpolówó ọjà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹlẹ́jọ́ tí ó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kò fẹ́ pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ariwo àwùjọ sì ni ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti tètè dìde. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá tún pe ọ̀kan nínú wọn, ẹ rẹ́rìn-ín bí ó bá pa yín lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹnu mọ́, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Owó wa ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ìbò wa ni, ọmọ wa sì ni.